Ife Ṣokoléètì Ẹni Tó Lọ Sọ́jà

1.

…gbé ife náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ó tó la ẹnu rárá. Ṣokoléètì gbígbóná ni, ó ki bí ẹ̀kọ mímu tí wọn kò bomi sí tó. Àwo kékeré kan tẹ̀ lé e: ohun díndín bíi pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ihò láàárín rẹ̀, ṣúgà lára rẹ̀.

Ìyá arúgbó tó gbé e wá fọwọ́ kàn án léjìká, ó bá a sọ èdè Sípéènì. Kò yé e. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó yí i sí Faransé. Ìyẹn yé e.

"O pẹ́ kí o tó dé lónìí," ni ìyá náà wí.

Habeebah kò wọ ilé ṣokoléètì yìí rí.

Kò tilẹ̀ dé ìlú Valencia nílẹ̀ Sípéènì yìí rí.


2. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn

Habeebah Bàrúwà. Ará Ayétòrò, nílẹ̀ Yewa. Aṣọ ló ń tà. Ọ̀nà Ìwòyè-Kétu ló máa ń gbà kọjá ẹnubodè lọ kó ọjà ní Kétu, níbẹ̀ ló sì ti kọ́ Faransé: Faransé ọjà, tí kò mọ gírámà ṣùgbọ́n tó mọ ọjà í ná.

Ìyá Toheebat ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Nínú ilé, Kẹ́hìndé ni.

Táyé rẹ̀ ń jẹ́ Mẹ̀dínátù. Ojú kan náà, ìrìn kan náà. Bàbá tó bí wọn gan-an a máa pe ọ̀kan nígbà tó bá ń wá èkejì.


3.

Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé níṣẹ́. Lọ tọ́ ayé wò fún mi. Bó bá dùn, ké sí mi. Táyé a jáde, a figbe ta. Kẹ́hìndé a gbọ́, a tẹ̀ lé e.

Mẹ̀dínátù tọ́ ayé wò kọjá ibi tí wọ́n rán an dé. Ó gba Kétu, ó la aṣálẹ̀ kọjá, ó la òkun kọjá. Ó dé Valencia. Ó ká ọsàn nínú oko olóko. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ó fi oko sílẹ̀, ó rí iṣẹ́ títọ́jú arúgbó.


4. Ohùn tí Mẹ̀dínátù fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Èyí tó kẹ́yìn nìyí

"Kẹ́hìndé mi, ṣé ò ń gbọ́ mi? Mo wà nílé ṣokoléètì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ńlá wọn. [ariwo abọ́] Elégédé ni wọ́n fi ń ṣe pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù níbí. Mi ò purọ́ fún ẹ, elégédé. [ẹ̀rín] Wọ́n á wá rì í bọ inú ṣokoléètì, wọ́n á jẹ ẹ́ báyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tọ́ ọ wò, oko Bàbá ní Ìgbógìlà ló sọ sí mi lọ́kàn. O rántí bí a ṣe máa ń lá omi funfun ara kòkó, tí Bàbá á ní ká má gé hóró rẹ̀ jẹ, pé ó korò? Kò korò mọ́ o. Wọ́n ti mú ìkorò kúrò lára rẹ̀. Màá mú ẹ débí. Jẹ́ n—"

[ó gé]


5.

Nọ́ńbà Mẹ̀dínátù kò lọ mọ́.


6. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé

A kì í sọ pé ìbejì kú. "Ó lọ sọ́jà" là ń wí.

Ọdún gorí ọdún. Kò sí òkú, kò sí ìròyìn. Bàbá wọn ti re ibi àgbà ń rè. Ojú Màmá Àṣìkẹ́, ìyá wọn, ti ń ṣú. Bí aládùúgbò bá béèrè ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, Màmá á ní Táyé lọ sọ́jà. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ọjà tí wọ́n ti ń tà tí wọ́n ti ń rà ni ó ní lọ́kàn, tàbí ọjà kejì.

Habeebah kò bi í. Ẹ̀rù ń bà á kí Màmá má lọ dáhùn.


7.

(Ègé keje sọnù. Ẹkún ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀.)


8. Bí ó ṣe dé Valencia

Wọ́n pe ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó wọn síbi àfihàn kan ní Valencia. Habeebah ló ń mójú tó oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì gbọ́ Faransé. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún un. Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, alága ẹgbẹ́, rí i tó ń sunkún nígbà tí físà jáde. Ó rò pé ayọ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó máa gbéra, Màmá dì í lọ́wọ́ mú. Ohun tí ó sọ kò pọ̀.

"Bí o bá débẹ̀, má wá a. Jókòó síbi tó máa ń jókòó. Jẹ ohun tó ń jẹ."

Títí ọkọ̀ fi dé Ìlaró ni Habeebah fi ń ro ó. *Tó ń jẹ* ni Màmá wí. Kò wí pé *tó jẹ*.


9. Ohun tí wọ́n kọ sára gíláàsì ẹnu ọ̀nà ilé ṣokoléètì ẹ̀gbẹ́ ọjà ńlá, bí fóònù Habeebah ṣe túmọ̀ rẹ̀

ṢOKOLÉÈTÌ GBÍGBÓNÁ

DÍNDÍN ELÉGÉDÉ, NÍ ÀSÌKÒ ỌDÚN NÌKAN

ÈRÒ PỌ̀. Ẹ JỌ̀WỌ́, Ẹ MÁ ṢE GBA ÀGA SÍLẸ̀ FÚN ẸNI TÍ KÒ TÍÌ DÉ


10. Ọ̀rọ̀ Habeebah àti ìyá arúgbó, lédè Faransé

ÌYÁ: Jẹun. Yóò tutù.

HABEEBAH: Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ta lẹ rò pé mo jẹ́?

ÌYÁ: Mẹdina.

HABEEBAH: (ó fọwọ́ kan aṣọ orí rẹ̀)

ÌYÁ: Aṣọ orí rẹ yàtọ̀ lónìí. Aláwọ̀ ewé lo máa ń wé.

HABEEBAH: Ìgbà wo lẹ rí mi kẹ́yìn?

ÌYÁ: Ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àga yìí náà ni. O ní ẹnìkan ń bọ̀ wá bá ọ láti ilé.

HABEEBAH: Èmi kọ́ nìyẹn, Màmá. Ìbejì rẹ̀ ni mí.

ÌYÁ: (ó wò ó títí) Bẹ́ẹ̀ náà lo wí lọ́sẹ̀ tó kọjá.


11. Purity

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń nu tábìlì ti ń ṣọ́ wọn. Purity lorúkọ rẹ̀, ọmọ Edo tó dàgbà sí Ṣàgámù. Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó dúró títí ìyá náà fi padà sídìí ààrò, ó wá tẹ̀ síwájú, ó tọrọ àforíjì. Ó ní Màmá Amparo ló ni ilé náà, ṣùgbọ́n iyè wọn kì í dúró lójú kan mọ́. Wọ́n a máa bá ọkọ wọn tó ti kú jiyàn nídìí iná.

Habeebah bi í léèrè Mẹ̀dínátù. Purity ní òun kò bá a níbẹ̀. Òun kàn gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà kan tọ́jú Màmá nílé rí, pé ọmọ náà ló ń mú wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀.

"Ibo ló wà báyìí?"

"Wọ́n ní ó lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Wọn ò sọ, Mọ́mì. Ó lọ ni wọ́n ń wí."

Habeebah di etí tábìlì mú. Ó bi í bóyá ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Purity wo àga, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní ara òun kò yá lọ́sẹ̀ náà. Òun kò wá síbi iṣẹ́.


12.

Ó jẹ ẹ́. Ó ya ọ̀kan sí méjì, ó rì í bọ ife, ó gbé e sẹ́nu. Ó gbóná, ó rọ̀, elégédé ń ta sánsán lábẹ́ ṣúgà. Ó dùn débi pé ó dijú. Ó jẹ òmíràn. Ó fi ìka nu ètè, ó lá ìka.

Nígbà tó mu ife náà dé ìdajì, ó rí i pé irọ́ ni Mẹ̀dínátù pa. Ìkorò náà kò lọ. Ìsàlẹ̀ ló forí pamọ́ sí.

Ohun tí a bá fún ọ̀kan nínú ìbejì, a gbọ́dọ̀ fún èkejì. Ó ní kí wọ́n gbé ife mìíràn àti àwo mìíràn wá, kí wọ́n gbé e síwájú àga tó kọjú sí òun. Purity gbé e wá láìbéèrè.

Ó lọ fọ ọwọ́.

Ìgbà tó padà dé, ẹnìkan ti gé díndín kan jẹ. Ṣokoléètì inú ife kejì ti wálẹ̀. Ipa ètè wà létí rẹ̀, ó ṣì tutù.

Màmá Amparo wà nídìí ààrò, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Purity ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ní ìkángun kejì.

Ìbòrí aláwọ̀ ewé pọ̀ lójú títì ìta. Èrò tó wá ṣọdún ìlú ni.


13. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọ fóònù Habeebah

ALÁGA CORNELIUS: Ìyá Toheebat, ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ pápákọ̀ òfurufú ti dé o.

ALÁGA CORNELIUS: Ẹrù yín ti wà nínú ọkọ̀.

ALÁGA CORNELIUS: Ẹ jọ̀wọ́, níbo lẹ wà?

ALÁGA CORNELIUS: Wọ́n ní àwọn rí yín tí ẹ ń wọ ọkọ̀. Ẹ dẹ̀ ò sí nínú ọkọ̀.


14.

Toheebat ló pè láti Ayétòrò, ó sì gbé fóònù sí ìyá ìyá rẹ̀ létí. Màmá Àṣìkẹ́ kò kí i. Habeebah ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Lóde, wọ́n yin báńgà ọdún, gíláàsì gbọ̀n.

"Táyé," ni Màmá wí.

Habeebah gbọ́ tí Toheebat ń tún un ṣe lọ́nà jíjìn, pé Kẹ́hìndé ni, pé mọ́mì òun ni. Màmá ní kí ó dákẹ́. Ó ní òun mọ ẹni tí òun ń pè.

"Táyé, ìwọ nìyẹn?"

Habeebah la ẹnu láti sọ òótọ́. Ó wo àga iwájú rẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń sọ pé, "Èmi ni, Màmá."

Màmá tún béèrè.

"Kẹ́hìndé ńkọ́?"