Àgbálùmọ̀ Ẹ̀yìnkùlé Nne

Gbàdàmọ́sí ti gun igi dé ìdajì nígbà tí Súlìyát, ọmọ rẹ̀, kígbe nísàlẹ̀.

"Bàbá, ẹ má ká a! Nne ní a kì í ká a!"

Ó ká a. Ó tún ká òmíràn, ó ń kó o sínú àpò dàńṣíkí.

Ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967 ni. Ọ̀rọ̀ ogun wà lẹ́nu gbogbo ará Onitsha. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ ti gba orí afárá Odò Ọya lọ sílé. Nàfísàt, ìyàwó rẹ̀, yóò kó àwọn ọmọ lọ sí Ìsẹ́yìn ní Sátidé. Gbàdàmọ́sí yóò dúró ta aṣọ tó kù. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rántí òun.

Ṣùgbọ́n Nne ni wọ́n ń sáré bá láràárọ̀. Opó Íbò ni, òun ló ni ilé tí wọ́n ń gbé. Ó ń jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn ewé tí ìrì ọyẹ́ rin. Ó ń jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀yìn ewé àgbálùmọ̀ tó pọ́n bíi bàbà. Wọn á dijú, wọn á tẹ́tí sí ibi tí èso bá jábọ́ sí.

Nne jáde. "Papa Súlìyát, lọ́dọ̀ ọ̀bọ wo lo ti kọ́ igi gígùn?"

"Bàbá wọn ni mí, Nne."

"Mo mọ̀. Àwọn ọmọdé ló ni udara, àgbálùmọ̀ yìí. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ jábọ́ la ń ṣà."

Gbàdàmọ́sí sọ̀kalẹ̀, ó fún Yúnúsà, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀kan. Ọmọ náà gé e jẹ. Kò tíì pọ́n. Oje rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ létè pọ̀. Ó bú sẹ́kún, ó sì sáré kọjá lára bàbá rẹ̀ lọ bá Nne. Nne fi epo pupa nù ún lẹ́nu.

Gbàdàmọ́sí kò lè jẹun ọ̀sán.

"Ẹ̀yin àti ìyá arúgbó lẹ jọ ń jowú?" Nàfísàt rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo bí wọn."

"Ẹ jókòó tì wọ́n, nígbà náà."

Láàárọ̀ Jímọ̀, kò lọ sí ìsọ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú wọn. Súlìyát fi ọwọ́ bò ó lójú. Ọwọ́ náà tutù, ó ń run èéfín igi.

"Ẹ má sọ̀rọ̀, Bàbá."

Eruku ọyẹ́ korò lẹ́nu rẹ̀. Àkùkọ kọ lápá odò. Nígbà tó yá, nǹkan jábọ́ sórí ewé gbígbẹ, pọ̀!

Gbàdàmọ́sí ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Èso náà rọ̀, ó sì pọ́n. Ó gbé e fún Súlìyát.

Súlìyát là á sí méjì. Ó fún Yúnúsà ní ìlàjì kan. Ó gbé ìkejì lọ fún Nne, àwọn méjèèjì sì jọ lá a.

"Bàbá rẹ ńkọ́?" Nne bi í.

Súlìyát wo ọwọ́ rẹ̀. Èèpo àti kóró ló kù.