Ẹ Nu Ẹsẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Wọlé

Ní òpópónà wa ní Boca Mansa, ilé kan ṣoṣo ló ní òrùlé kọnkéré, ilé ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Edelmira. Páànù àti igi ni ti àwa yòókù. Nítorí náà, bí ìjì ńlá bá ti ń bọ̀ láti orí òkun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa máa ń sá lọ, tọmọtọmọ, tadìẹtadìẹ, ti tẹlifíṣọ̀n ti tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ sì wá wo obìnrin tí kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà sí ilẹ̀ rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ilẹ̀ ilé rẹ̀ ń dán débi pé tí o bá wọ síkẹ́ẹ̀tì, kí o yáa ṣọ́ra. Bí o bá lọ tọrọ iyọ̀, ìta ni wàá ti gbà á. "Nu ẹsẹ̀ ẹ!" ni ẹ káàárọ̀ tirẹ̀, òun náà ni ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí rédíò bá ti dárúkọ ìjì báyìí, Edelmira di ọmọge. Á yan kọfí, á se gúáfà pẹ̀lú ṣúgà, á fọ gbogbo aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tó fẹ́ gbàlejò àna. Á wá tẹ́ àpò ìdọ̀họ sẹ́nu ọ̀nà, á dúró tì í, á máa pariwo ẹsẹ̀ mọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín á sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun.

Èmi Mirelys, onídìrí, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ọ̀rọ̀ ìjì ní òpópónà wa. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, èébú sì ni owó oṣù rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n pè wá sípàdé ní ìlú, wọ́n ní ìjì tọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ti atẹ́gùn nìkan, òkun fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá kí wa nílé. Kí gbogbo ará òpópónà wa kó lọ sí ilé ìwé orí òkè kí aago mẹ́rin ọ̀sán Ẹtì tó lù. Wọ́n fún mi ní orúkọ àwọn tí màá kó. Orúkọ Edelmira ló wà lókè pátápátá, torí ilé rẹ̀ ló sún mọ́ omi jù.

Ní àárọ̀ Ẹtì, òpópónà ń hó. Wọ́n ń kan fèrèsé pa, wọ́n ń fi okùn di òrùlé, wọ́n ń gé ẹ̀ka máńgòrò. Rédíò ní ìjì náà ń jẹ́ Hortensia. Rigoberto, apẹja tó ń gbé lójúkojú mi, fò sókè.

"Mo mọ̀ ọ́n! Orúkọ ìyàwó mi àkọ́kọ́ nìyẹn! Ó kó ìdajì ilé mi lọ nígbà yẹn, ó ti ń bọ̀ wá kó ìyókù!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ó ń fi ọṣẹ wẹ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, Princesa, torí Edelmira kì í gba ẹlẹ́dẹ̀ tí kò wẹ̀ sí balùwẹ̀ rẹ̀.

"Rigo, kì í ṣe ilé Edelmira la ń lọ o."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìfófòó. "Ta ló ti sọ fún un?"

Mo wolẹ̀.

"Háà, Mirelys! Ó dìgbà o."

Mo forí lé ilé Edelmira. Òórùn kọfí ló kọ́kọ́ pàdé mi. Edelmira ti to ife sórí tábìlì, ó ti tẹ́ ibùsùn kálẹ̀.

"O ti pẹ́ jù. Nu ẹsẹ̀ ẹ."

Mo nù ún, mo sọ ọ̀rọ̀ fún un. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Òrùlé kọnkéré rèé! Ìjì wo ló fẹ́ ṣí i?"

"Màmá, omi kì í gba òrùlé wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ń gbà, kì í sì í nu ẹsẹ̀."

Ó jókòó. "Ẹ máa lọ. Èmi ni wọ́n máa ń wá bá nígbà ìjì. Mi ò lè lọ jókòó síbi kan bí ẹrù." Mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀ mọ́ ọn, ló bá tì mí síta, ó ti ilẹ̀kùn.

Inú bí mi. Mo bú u dé ìdajì òpópónà, kí ojú tó wá tì mí. Láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò tíì wọ ilé obìnrin yẹn rí lọ́jọ́ tí ìjì ò jà.

Ní aago méjì, ọkọ̀ ńlá tí yóò kó wa lọ dé. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Gbogbo wa gbé ẹrù wa, a tò lọ sẹ́nu ọ̀nà Edelmira bí ìṣe wa, Princesa ló ṣíwájú. A kanlẹ̀kùn. Ó yọjú.

"Màmá," mo ní, "yàrá kan ni wọ́n fún wa nílé ìwé. Ó dọ̀tí. Àwọn ará Òpópónà Oníyọ̀ ló wà ní yàrá kejì, ẹ kúkú mọ ẹsẹ̀ wọn."

Ó dijú. "Àwọn ará Òpópónà Oníyọ̀?"

"Tẹrẹ̀tẹrẹ̀."

"Ta ló ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tiyín?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni Rigoberto dáhùn, bíi pé ó fẹ́ sunkún.

Edelmira mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ò ní jẹ́! Rigoberto, gbé ìkòkò yẹn! Mirelys, ká aṣọ! Ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn fẹnu kan kọfí mi!"

Iwájú ọkọ̀ ló jókòó sí, àpò ìdọ̀họ lórí itan, igi ìnulẹ̀ lọ́wọ́. Ní ilé ìwé, ó fọ yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá kan láti ìlú fẹ́ wọlé pẹ̀lú bàtà òjò, ó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Hortensia ké títí ilẹ̀ fi mọ́, Rigoberto sì ń pariwo sí i pé kò sí nǹkan mọ́ nílé, kó máa lọ. Kọfí ò tán nínú ife wa.

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, omi fà, a sọ̀kalẹ̀. Òrùlé kọnkéré náà wà níbẹ̀ digbí. Ṣùgbọ́n àmì ibi tí omi dé lára ògiri yàrá ga ju orí Edelmira lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ní láti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kàn ń wo ilẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú tó mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀.

Rigoberto gbé ṣọ́bìrì, ó fẹ́ wọlé. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹsẹ̀. Èmi náà nu tèmi lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo òpópónà tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń nu ẹsẹ̀.

Edelmira wo ẹsẹ̀ wa, ó wo ẹrẹ̀. "Rigoberto, kí lò ń nù?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ wọlé! Ẹ má nu nǹkan kan! Ẹ ṣáà máa wọlé!"

Ọjọ́ mẹ́rin la fi kó ẹrẹ̀ náà. Ní ọjọ́ karùn-ún, ilẹ̀ ti ń dán, àpò ìdọ̀họ sì ti padà sẹ́nu ọ̀nà. Rédíò ò dárúkọ ìjì kankan. Mo nu ẹsẹ̀ mi, mo wọlé lọ mu kọfí.