Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Kú Lọ́jọ́ Jímọ̀

Kọ̀ǹpútà Tata Rahamatou, àǹtí Nafiou, tún kú láàárín gbólóhùn. Nafiou ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, ó ń wo ojú ẹ̀rọ tó ti dúdú bí ẹni ń wo àlejò tó jáde láì dágbére.

Mémoire rẹ̀ ló ń tẹ̀, ìwé ìwádìí tí yunifásítì ní Parakou ń retí kí wọ́n tó fún un lóyè. Kò sí ẹlòmíì ní ìlú Kika tó lè yá a ní ẹ̀rọ. Ó sì ti sú Tata: ó ti ránṣẹ́ sí Abdel, ará Goro tó ń ra ẹ̀rọ àlòkù, pé kó wá gbé e nírọ̀lẹ́.

"Tata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i."

"Àyè wo? Láti ìgbà tó o ti dé lo ti ń kun ún bí adìyẹ."

Òótọ́ ni. Nafiou ti pààrọ̀ wáyà. Ó ti tú inú ẹ̀rọ, ó ti fọn eruku ọyẹ́ jáde, ó ti ra àpótí tó ń pín iná fún un ní tuntun. Bó bá gbé e sí àárín yàrá, á ṣiṣẹ́. Bó bá dá a padà sí igun lábẹ́ tábìlì, á kú. Ó fura sí iná, ó fura sí ihò iná ara ògiri, ó tilẹ̀ fura sí ògiri fúnra rẹ̀.

Èyí tí kò yé e rárá ni pé lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀rọ náà kì í kú.

"Mùsùlùmí òdodo ni," ni Abdel wí, tó ti dé kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́.

"Tonton, ẹ̀rọ kì í kírun."

"Ìwọ ńkọ́? Ó pẹ́ tí mo ti rí ọ ní mọ́sáláṣí."

Nafiou kọjú sí Tata. "Tata, kí lẹ kì í ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Mi ò kì í ta dègé. Àwọn obìnrin Fúlàní kì í gbé wàrà wá." Wàrà kíkan ni dègé, tí wọ́n po jéró àti ṣúgà mọ́. Ti Tata ni gbogbo Kika ń mu nírọ̀lẹ́.

"Níbo lẹ ń gbé wàrà sí kó tó kan?"

"Ṣé o fọ́jú ni? Ibi tó ń móoru."

Nafiou kúnlẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ tábìlì. Ìkòkò wàrà jókòó sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e dé ọrùn, ó sì dí ihò tí ooru ẹ̀rọ ń gbà jáde pa. Ojoojúmọ́ ló ń rí i. Ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn débi pé ó ti kà á mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

"Ooru ló ń há sínú ẹ̀rọ yìí, Tata. Bó bá gbóná jù, á pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni? Bí mo bá gbé e kúrò, níbo ni wàrà mi á ti kan nínú ọyẹ́ yìí?"

Tata wo ìkòkò, ó wo ẹ̀rọ. Abdel ti ń tú okùn ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Nafiou mọ̀ pé bó bá di pé kí Tata yan ọ̀kan, mémoire òun ti wọ Goro nìyẹn. Ó fa ìkòkò sẹ́yìn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ó tan ẹ̀rọ, ó dúró kó gbóná, ó wá ní kí Tata ki ọwọ́ sí àlàfo náà.

"Ooru ṣì ń dé ibẹ̀," ni Tata wí. Ó ronú. "Bí a bá pa ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ooru á tán."

"Bí o bá ń tẹ̀wé lórí ẹ̀?"

"Á túbọ̀ máa gbóná."

Tata yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Abdel, mi ò tà á mọ́. Dúró mu dègé kó o tó lọ."

Abdel so okùn rẹ̀ padà, ó sì wá ibi jókòó.

"Kí lo dúró ń wò?" ni Tata sọ fún Nafiou. "Jókòó, máa tẹ̀ ẹ́. Wàrà ò tíì kan."