Ìdajì Tó Kù Nínú Bátìrì

Òjò ọjọ́ náà kò mojú ẹnikẹ́ni. Ó ti ń rọ̀ láti àná, omi ti gba gbogbo òpópó àdúgbò wọn, Aflao-Gakli, iná ìjọba ti lọ, ikọ́ fée sì tún wá dì mọ́ Ìrètí láyà. Adéjọkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó fi ìbòmú ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùùkù bò ó nímú. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Ínfátà tó ń sọ agbára bátìrì di iná ké tín-ín-rín, òun náà kú.

"Bàbá Ìrètí, kí ló ṣe bátìrì?"

Ezekiel ọkọ rẹ̀ sáré lọ wo ìdí bátìrì. Ohun tó ṣe bátìrì, àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Olivier oníṣẹ́ iná wá to sólà fún wọn nítorí àìsàn ọmọ yìí, ó so àpótí kékeré kan mọ́ bátìrì. Ó ní bí agbára bátìrì bá ti ku ìdajì, àpótí náà yóò já iná fúnra rẹ̀, torí bátìrì tí wọ́n bá ń fà gbẹ kò ní pẹ́ kú pátápátá. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àbúrò Ìrètí. Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe orúkọ ọmọ ni àpótí já iná, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gé orúkọ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn àgbà wo ara wọn. Ta ló fẹ́ kí orúkọ ọmọ òun já sílẹ̀ lójú ẹbí? Adéjọkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí Ezekiel yọ wáyà kúrò lára àpótí, kó so ó mọ́ bátìrì tààrà. Ayẹyẹ parí, wọn kò dá wáyà padà. Fíríìjì kì í kú mọ́, tẹlifíṣọ̀n kì í kú mọ́, wọ́n ṣebí ọgbọ́n ni àwọn gbọ́n. Àfọwọ́fà gbáà ni.

Ètè Ìrètí ti ń dúdú, àyà rẹ̀ ń súfèé. Adéjọkẹ́ yọjú síta. Taksí Serge, ará ilé wọn, wà lábẹ́ ìbòrí páànù nínú àgbàlá, ṣùgbọ́n omi ẹnu ọ̀nà kò ní jẹ́ kó dé ilé ìwòsàn. Ìgbà náà ni Adéjọkẹ́ rántí pé mọ́tò náà ní bátìrì tirẹ̀. Ó fi èdè Mina tí wọ́n ń sọ ládùúgbò náà ké sí Serge pé kó tan mọ́tò, kó má sì pa á. Ezekiel gbé ínfátà sáré jáde, ó de wáyà rẹ̀ mọ́ bátìrì mọ́tò. Wáyà yọ. Ó tún un dè. Ẹ̀rọ kùn, ìkùùkù oògùn rú jáde. Wọ́n ń wo àyà ọmọ. Nígbà tó ṣe, Ìrètí fa èémí gígùn kan, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Adéjọkẹ́ bú sẹ́kún.

Wọ́n ra bátìrì mìíràn, wáyà sì padà sára àpótí, kí wọ́n má baà tún fa èyí náà gbẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ará ìjọ wá bá wọn dúpẹ́ nílé, iná ìjọba tún lọ. Pásítọ̀ ń gbàdúrà lọ́wọ́ nígbà tí àpótí ṣe tirẹ̀, gbogbo ilé ṣókùnkùn. Màmá Martha, àgbà ìjọ, ní kí Ezekiel sáré so ó tààrà bíi ti ìjọ́sí, kí àdúrà má baà já láàárín. Ezekiel dìde. Adéjọkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ má bínú. Ìdajì tó kù níbẹ̀, èémí Ìrètí ni."

Ezekiel padà jókòó. Pásítọ̀ gbé ohùn sókè, ó ń bá àdúrà lọ, wọ́n sì ń ṣe àmín nínú òkùnkùn.