Ọjọ́ Márùn-ún Láìgbàgbé Láti Mí

Aránṣọ kan bímọ ní oṣù méje. Ọmọ náà ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú àpótí dígí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní bó bá lè lo ọjọ́ márùn-ún láìgbàgbé láti mí, yóò relé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ mímí rẹ̀ han gooro. Ètè ọmọ ń di dúdú.

“Màmá, ẹ fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀,” ni nọ́ọ̀sì wí bó ti ń sáré bọ̀.

Ìyá fọwọ́ ra á. Ọmọ mí kanlẹ̀, ó ké.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé a ṣì ń lọ lọ́la?”

“Ẹ ṣe sùúrù, màmá. Oókan la ó tún ti bẹ̀rẹ̀ kíkà.”

Ọjọ́ márùn-ún mìíràn kọjá, ẹ̀rọ ò han. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá kọ́kọ́ fetí sí imú ọmọ kó tó gbé e relé.