Tábúlẹ́ẹ̀tì tí Tíṣà Bá A Yàn

Ọkọ aránṣọ kan ti kú tó ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kí obìnrin náà tó pinnu pé òun máa ra tábúlẹ́ẹ̀tì ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ọmọ òun. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin náà. Aláròyé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Yàrá iwájú tí ìyá rẹ̀ ti ń ránṣọ ló ti máa ń ṣeré, láàárín àgékù aṣọ àti òwú, bọ́tìnnì ló sì fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ò lè kọ́ ọmọ ní lẹ́tà.

Aránṣọ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Tíṣà. Láti ìgbà ìsìnkú ló ti dà bí ìyá fún aránṣọ. Òun ló ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, òun ló ń wá jókòó tì í lọ́jọ́ tí ẹkún ò bá jẹ́ kó lè ránṣọ. Tíṣà fúnra rẹ̀ ò rí ọmọ bí, aránṣọ kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu òun.

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni ọlọ́jà tò síwájú wọn. Ọ̀kan ní rọ́bà tó nípọn létí, ọlọ́jà ní bó bá já bọ́ láti orí àga kò ní fọ́. Èkejì fúyẹ́, àmọ́ ìpolówó ọjà ń yọjú láàárín ìtàn tó ń sọ. Aránṣọ fọwọ́ pa ti àkọ́kọ́ wò bó ṣe máa ń fọwọ́ pa aṣọ wò. Ó wù ú, torí lẹ́tà, nọ́ńbà àti orin nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Tíṣà mirí. Ó ní ẹ̀kẹta ni kó mú, pé ìyẹn máa ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń pe lẹ́tà, tó bá ṣì í pè, á tún un ṣe. Aránṣọ béèrè bóyá kò ní le jù fún òun láti lò. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló bá a tò ó, ó sì fi nọ́ńbà àṣírí sí i, ó ní àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ máa bójú tó ohun tí ọmọ ń wò. Aránṣọ dúpẹ́, ó tún ọpẹ́ dá.

Ọmọ ń gbé ẹ̀rọ náà kiri bí ẹyin. Kò pé oṣù kan tó fi mọ ìdajì lẹ́tà, tó sì ń bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí èyí tó kù.

Ní Sátidé kan, àbúrò bàbá ọkọ aránṣọ, tó jẹ́ olórí ẹbí, ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó débẹ̀, Tíṣà ti jókòó, kò sì wo ojú rẹ̀. Bàbá ní Tíṣà ti fẹjọ́ sun òun pé ọmọ ò rí ìtọ́jú tó, pé ọ̀dọ̀ Tíṣà ló yẹ kó máa gbé. Aránṣọ kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ni Tíṣà bá mú ìwé kan jáde, ó ń kà á jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ Túsìdé, aago mẹ́ta kọjá kí ọmọ tó jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, ó sunkún títí, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ò dúró. Lọ́jọ́ Fúráìdé, ìyá rẹ̀ ní Ọlọ́run ì bá mú òun náà lọ.

Aránṣọ rántí ọjọ́ náà. Ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn lóòótọ́, níbi tó ti ń tú ojú rírán kan tó wọ́. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá àfi ọmọ, tó ń fi ìka tẹ ẹ̀rọ lórí ẹní.

“Àǹtí, ẹ ò wá sílé mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.”

Tíṣà ń ká etí ìwé náà.

“Ta ló sọ ọ̀rọ̀ Fúráìdé fún yín?”

Nígbà tí bàbá náà béèrè ni Tíṣà tó jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ náà máa ń gbé ohùn inú yàrá wá sórí fóònù ẹni tó bá ní nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ó ní níbẹ̀rẹ̀, ohùn ọmọ nìkan lòun fẹ́ máa gbọ́ tóun bá ti ibi iṣẹ́ dé, torí ilé òun dákẹ́ jù.

Aránṣọ ò pariwo. “Ẹ gbọ́ pé mo ní kí Ọlọ́run mú mi lọ, Àǹtí, ẹ ò wá wò mí. Bírò lẹ mú.”

Bàbá ní ẹni tí wọ́n ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu yìí. Ó ní ọmọ ò ní kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì gba ìwé náà lọ́wọ́ Tíṣà, ó fà á ya.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aránṣọ gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ atúnfóònù-ṣe. Ìyẹn pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan mọ́. Síbẹ̀, bí ọmọ bá ti tan án, ńṣe ni ìyá rẹ̀ máa ń dákẹ́ nínú yàrá ara rẹ̀.

Tíṣà ti wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Aránṣọ gbé àga fún un, ó jẹ́ kí ọmọ dì mọ́ ọn, ó ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Kò tíì rí ẹni tó máa ro ẹjọ́ náà fún. Ẹni tó máa ń ro irú rẹ̀ fún tẹ́lẹ̀ ló jókòó sórí àga yẹn, tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀.