Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Alùpùpù Bàbá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìdọ̀tí kì í ṣagídí, ẹ ní kó wá bá mi. Ìdọ̀tí tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù bàbá mi lágídí ju èmi gan-an lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ilé wa mọ̀ pé èmi kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Epo ṣéènì ló kọ́kọ́ ta sí i, eruku lẹ̀ mọ́ epo, ọ̀dà títì lẹ̀ mọ́ eruku, gbogbo rẹ̀ wá gan bí ìdí ìkòkò tó jóná.

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti dé láti àná, ó fẹ́ gbé alùpùpù náà lọ sílé rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi wà nídìí ògiri ẹ̀yìnkùlé, láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu bàbá wa. Bàbá ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti ń padà sí i lẹ́nu ní ẹyọ ẹyọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀. Ó kàn rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kó máa fi ọwọ́ náà tẹ̀ ẹ́. Bàbá wo bọ́ọ̀lù, ó wo nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ọmọdé?" Ó ju bọ́ọ̀lù sábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí mo sin nọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ fún mi pé bí ọwọ́ náà kò bá ríṣẹ́ ṣe, yóò gbàgbé iṣẹ́ pátápátá.

Bàbá tí mò ń wí yìí, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi ń tún ẹsẹ̀ alùpùpù ṣe. Kò sí èyí tó wọ́ tí kì í nà. Dókítà Ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, débi pé ìyá kan tí orúnkún ń dùn ti wá kan ilẹ̀kùn wa rí.

Ire ni ẹ̀gbọ́n mi rò. Alùpùpù ń dípẹtà, Bàbá kò sì lè gùn ún mọ́. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá yíjú sí ògiri. Èmi mọ̀ pé bí alùpùpù yẹn bá fi lè jáde, Bàbá ti gbà pé ó parí fún òun nìyẹn. Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, inú bí mi sí Bàbá. Nígbà tí mi ò rí ẹni tí mo lè bá jà, mo pọn omi, mo lọ bá ẹsẹ̀ alùpùpù jà.

Mo gbé àga kékeré fún Bàbá sítòsí kó lè gbatẹ́gùn. Ọṣẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìdọ̀tí náà fi mí ṣẹ̀sín. Mo fi kẹrosíìnì pa á, ó rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn irin tín-ín-rín tó so àárín ẹsẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sípóòkù, ẹ̀yìn wọn dúdú síbẹ̀. Ni mo bá mú kànìnkàn onírin tí a fi ń họ ìkòkò.

"Rárá!"

Mo fò sókè. Láti oṣù mẹ́jọ, mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu Bàbá.

"O ń... họ ọ́. Aṣọ!"

"Aṣọ wo, Bàbá?"

"Aṣọ! Ya á!"

Mo ya àkísà kan gbọọrọ bí ìgbànú, mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì. Ó fi ojú, ó fi àgbọ̀n, ó fi ọ̀rọ̀ ẹyọ ẹyọ júwe fún mi: kí n ti aṣọ bọ ẹ̀yìn sípóòkù kan, kí n di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kí n máa fà á síbí, kí n máa fà á sọ́hùn-ún. Mo fà á. Bàbá pòṣé. Mo tún fà á. Ó pa òmíràn tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ẹ kúkú wá ṣe é fúnra yín!"

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ojú tì mí. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, èmi wá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ méjì lọ ẹni tó ku ẹyọ kan. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ń wọ́ àga rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ náà. Ó fi òsì gba aṣọ, ó wé etí kan mọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, ó fi òsì di etí kejì mú, ó sì fà.

Ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ lé aṣọ lọ bí ẹrù. Ó dé ìdí sípóòkù, ó dúró. Ìdọ̀tí ni Bàbá ń wò, kò wo ọwọ́ rárá. Mo nawọ́ láti bá a fa aṣọ padà.

"Fi sílẹ̀," ló wí.

Aṣọ náà sì padà.

Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Ó tún lọ sí òsì, ó tún padà sí ọ̀tún, bí ìbú ìka kan. Mo sọ fún ara mi pé òsì ló ń tì í. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé aṣọ mà ni. Ta ló ń ti aṣọ? Bí ẹ tì í dọ̀la, kíká ni yóò máa ká. Aṣọ tó na tàn-ìn lẹ́yìn irin, tó ń lọ sí ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fà á. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Orí mi wú, gbogbo irun ara mi dìde. Mo fẹ́ pariwo, mo fọwọ́ bo ẹnu, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ náà yóò rántí pé òun ti kú. Ẹ̀yin èèyàn, mo ti dúró létí òkun rí, mo ti gbọ́ igbe ọmọ tuntun ní ìṣẹ́jú tó wáyé, kò sí èyí tó mú mi kéré lójú ara mi bí àkísà yẹn. Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ìbínú Bàbá sí ìdọ̀tí àti sí ọwọ́ wúruwùru tèmi ló jí ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò lè jí.

"Kí lò ń wò?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

"Yí i."

Mo yí ẹsẹ̀ náà, sípóòkù kejì bọ́ síwájú rẹ̀.

Ìgbà tó dé orí ẹ̀kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi jáde, kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́. "Ṣé ẹ ò tíì fọ̀ ọ́ tán ni? Oòrùn ti..."

Mo gbá a lápá mú. "Bọ̀dá, ẹ wo aṣọ yẹn."

"Ó ń mọ́, mo rí i."

"Aṣọ ni mo ní kẹ́ ẹ wò!"

Ó wò ó. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ti ń bá aṣọ lọ, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, títí ẹnu rẹ̀ fi là. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n yẹn jókòó sínú omi ọṣẹ, ó bú sẹ́kún.

Bàbá gbójú sókè. "Ta ló kú?"

"Bàbá, ọwọ́ yín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Bàbá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Aṣọ dúró. Èmi náà ò mí. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni ń wo àlejò tó ti mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ó fà á, òun fúnra rẹ̀ ń wò ó báyìí, aṣọ sì wá.

"Ó ń gbọ́," ló wí.

Sípóòkù mẹ́rin ló ṣe kó tó rẹ̀ ẹ́. A gbé e wọlé, ó sùn. Ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ alùpùpù mọ́. Ó padà jáde, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú àkísà, ó ní òun fẹ́ bá wa parí èyí tó kù.

"Ẹ má dán an wò!" Mo já àkísà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sípóòkù méjìlélọ́gbọ̀n ló kù lẹ́yìn, a ò sì tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ iwájú rárá. Mo lóṣòó, mo wo epo tó gan, eruku àti ọ̀dà títì, dúdú kirikiri. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí ìdọ̀tí tó dùn mọ́ mi nínú bẹ́ẹ̀ rí.